Ọjọ́ Tí Mo Pa Màlúù Méjì fún Ìyá Àgbà

Àwọn ọmọ tí mò ń bá jókòó lọ́jọ́ Sátidé nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nísàlẹ̀ òkè Màpó kì í jẹ́ kí n mí. Iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ wọn kò le. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ní àkókò, mo sì fẹ́ràn ariwo, ni mo bá ní kí n máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ irú ayé tí wọ́n fẹ́ gbé bí wọ́n bá dàgbà sílẹ̀. Ọ̀kan á kọ pé òun á máa wa bàálù, èkejì á kọ pé òun á máa tún fóònù ṣe, ẹ̀kẹta á ní òun fẹ́ di ọlọ́lá ṣùgbọ́n òun ò tíì mọ iṣẹ́ tí òun á fi dé ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ju bírò sílẹ̀, ó ní, "Màmá, nígbà tí ẹ tó wa, kí lẹ̀yin kọ?" Gbogbo kíláàsì ń wo ẹnu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ n sinmi! Ohun tí mo kọ nígbà tí mo tó yín, díẹ̀ ló kù kó yọ mí kúrò nílé-ìwé, ó sì da gbogbo agboolé wa rú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan báyìí tí a ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́.

Bẹ́yẹrúnkà ni agboolé wa wà, níbi tí ilé fara kan ilé débi pé bí ẹnìkan bá sín nínú yàrá tirẹ̀, a ó ti inú yàrá tiwa kí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ilé ti ń dún ṣàà, ṣàà, okùn kànga ti ń ké, máṣíìnì Bàbá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìsọ̀ ẹnu ọ̀nà. Fìlà ni Bàbá ń rán. Abetí ajá, gọ̀bì, kúfì, kò sí èyí tí wọn ò mọ̀ ọ́n rán, àwọn oníbàárà sì ń wá láti Bẹẹrẹ títí dé Òkè Bọ́lá. Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, ti ń ṣe ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà ní Ọjà'ba. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn àdín àti eérú pa pọ̀, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni kí n pọn omi kún àmù méjì, kí n gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ín-mọ́ín lọ fún Ìyá Àgbà, kí n sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹun tán. Wọ́n á fi ìdajì mọ́ín-mọ́ín sílẹ̀ fún mi, wọ́n á fi oríkì mi pè mí, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo ti yó." Irọ́ ni. Wọn ò yó. Mo mọ̀, mo sì ń jẹ ẹ́.

Ohun kan wà ní agboolé wa tí mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn tó bẹ́ẹ̀. A kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú bọ́ sílẹ̀ lásán. Ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu sọ ohun rere tó ń bọ̀, gbogbo ẹni tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ ṣe àmín sí i, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ló sọ ọ́. Bí ọmọ bá ní òun á ra bàtà lọ́dún Iléyá, àmín. Bí ìyá mi bá ní ata á gbówó wálẹ̀ lọ́la, àmín. Mo rántí ọjọ́ tí ẹnìkan ní òjò á rọ̀ kó tó di ìrun àsáárì, a ṣe àmín, òjò rọ̀, ó sì ba gbogbo aṣọ tí a sá jẹ́. Àmín Bùọ̀dá Múftáù ló máa ń dún jù. Àbúrò Bàbá mi ni, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò ṣe ní Ògùnpa, èèyàn tó ga tó sì máa ń tòògbé síbikíbi tí wọ́n bá fìdí rẹ̀ lé. Kò dìgbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó ṣe àmín. Bó bá ti gbọ́ pé ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti sinmi díẹ̀, á ti fọ̀n ọ́n jáde láti inú oorun: "Àmí-í-ín!" Àwa ọmọdé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìwé kẹfà ni mo wà, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá. Ọwọ́ mi yá nídìí abẹ́rẹ́. Láti ìwé kẹrin ni Bàbá ti ń mú mi jókòó sórí ẹní nínú ìsọ̀ bí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mò ń rán etí fìlà, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ò lè jókòó sójú kan. Bàbá kì í yin èèyàn, àmọ́ wọ́n á gbé fìlà tí mo rán sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á mi orí. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n wá sọ ọ́ fún ìyá mi wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni wọ́n ń sọ: "Bí Síkírátù bá jáde ìwé kẹfà, ó tó. Ìdí fìlà ló ń bọ̀." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Mo fẹ́ràn fìlà o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì jù ú lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nílé yẹn tó lè ní kí Bàbá pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà, ìyẹn Ìyá Àgbà.

Tíṣà wa, Míìsì là ń pè wọ́n, mọ̀ pé irú wa pọ̀ nínú kíláàsì. Àwọn òbí kan fẹ́ kí ọmọ lọ kọ́ṣẹ́, àwọn kan fẹ́ kó wá jókòó ti ọjà. Ni Míìsì bá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kí oníkálùkù kọ lẹ́tà kan, kí ó kọ ọ́ bí ẹni pé ọgbọ̀n ọdún ti kọjá. "Ẹ má kọ 'mo fẹ́', ẹ kọ 'mo jẹ́'. Ẹ la ojú yín nínú ilé tí ẹ máa wà nígbà náà, ẹ wò yíká. Ta lẹ rí? Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ má purọ́ o. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sétí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ níléè yín." Wọ́n wá pín fọ́ọ̀mù ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì fún wa, wọ́n ní òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Mo gbé tèmi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Kò ṣòro fún mi láti mọ ohun tí mo fẹ́ jẹ́. Kóòtù kan wà lójú ọ̀nà ilé-ìwé wa, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa yọjú lójú fèrèsé. Mo rí i tí adájọ́ wọlé, tí gbogbo èèyàn dìde dúró fún un, títí kan àwọn bàbá onírùngbọ̀n. Mo ní, háà, èmi nìyẹn! Ṣebí èmi náà ni mo ń dá ẹjọ́ ìdí kànga fún gbogbo ọmọ agboolé, ta ló kọ́kọ́ gbé garawa kalẹ̀, ta ló já ìlà. (Kí ẹ má bàa rò pé mo parọ́ fún yín, mi ò di adájọ́. Akọ̀wé kóòtù ni mo dà, mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ ohun tí adájọ́ bá sọ, mo sì máa ń rò ó nínú ara mi pé èmi ì bá dá a dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà mi. Níwọ̀n bí Míìsì sì ti ní kí a má purọ́, mo fi ìṣirò sí i. Mo bi ìyá mi pé ọmọ ọdún mélòó ni Ìyá Àgbà, wọ́n ní wọ́n á ti lé ní àádọ́rin. Mo fi ọgbọ̀n kún un. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo fi orí kà á, mo fi ìka kà á, kò sí bí mo ṣe ṣe é tí ó bá ara mu. Nítorí náà, mo kọ ohun tí ọmọ tó fẹ́ dájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ kọ. Kí wọ́n má bàa sọ pé mo ya abara-moore-jẹ, mo fi ọlá ńlá sí i. Mo rò pé Ìyá Àgbà á gbé mi mọ́ra tí wọ́n bá gbọ́ ibẹ̀ yẹn ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo mú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo ilé máa ń jẹun pọ̀ lójúde lẹ́yìn ìrun, ìrẹsì àti ẹran tí ìyá mi sè, ọkùnrin lórí ẹní kan, obìnrin lórí èkejì. Ìyá Àgbà jókòó sáàárín lórí àpótí wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Míìsì ní kí n ka ohun kan fún yín, mà." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ó yá, kà á kí gbogbo ilé gbọ́." Mo na ìwé síwájú mi, mo gbé ohùn sókè.

"Adájọ́ ni mí."

"Àmín!" ni gbogbo ilé wí.

"Mo ní mọ́tò dúdú kan, mo sì ní dẹ́rẹ́bà."

"Àmín, àmín!"

"Irun funfun tí adájọ́ máa ń dé, Bàbá mi ló rán an."

Bàbá tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àmín."

"Màmá mi ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ti bọ̀."

"Àmín, Ọlọ́run Ọba!"

"Ìyá Àgbà ti kú."

"Àmí-í-ín!"

Bùọ̀dá Múftáù ni, pẹ̀lú ohùn tó lè ṣí òrùlé. Ẹni méjì sì ti bá a gbè é kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń gbè. Èmi tí orí mi ti wú, mi ò tilẹ̀ dúró. Mo tẹ̀síwájú: "Mo pa màlúù méjì níbi fídáù wọn." Kò sẹ́ni tó ṣe àmín sí ìyẹn.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi kígbe, "Àsìtàgàfúrúlà! Síkírátù, ṣé orí ẹ pé báyìí?" Bùọ̀dá Múftáù ti fò dìde, ìrẹsì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Mo gbà á padà! Ẹ gbọ́ o, mo gba àmín mi padà! Mo ń tòògbé ni, Ọlọ́run mọ̀!" Ìyàwó rẹ̀ ní báwo ni wọ́n ṣe ń gba àmín padà, ta ló gbà á padà rí? Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé Ọlọ́run má gbà á. A sọ ọ́. Ẹnìkan ní lẹ́ẹ̀mẹta ò tó, nítorí àmín yẹn dún jù, ká sọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje. A tún sọ ọ́. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, mo lè rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ yẹn, mo bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje láìfo ọ̀kan. Bàbá na ọwọ́, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n fi sápò. Wọn ò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé kó pa ìyá mi," wọ́n ní, "kí ni sẹ́kọ́ńdìrì wọn ò ní kọ́ ọ? Ó parí. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan." Mo wo Ìyá Àgbà bóyá wọ́n á gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ti dìde. Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mo lọ bu ẹ̀kọ Ìyá Àgbà, ìyá mi ní kí n fi sílẹ̀, Ìyá Àgbà ti ní kí ọmọ Bùọ̀dá Múftáù gbé e wá fún àwọn. Ó dùn mí wọ eegun. Mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àmù, mo sunkún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì nìkan mọ́. Mo rò pé Ìyá Àgbà gbà pé mo fẹ́ kí àwọn kú lóòótọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí ohunkóhun bá ṣe wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mò ń fetí sí ikọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Bí wọ́n bá kọ́, àyà mi á já. Bí wọn ò bá kọ́, á tún já.

Sọ́ńdè, kí oòrùn tó mú, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìnkùlé. "Àbẹ̀kẹ́!" Mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń fọwọ́ bu ọṣẹ ní ìṣù-ìṣù sínú ọpọ́n. Lẹ́tà mi wà lórí itan wọn, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Bàbá. "Sún mọ́ mi. Ṣé màá gé ọ jẹ ni? Kà á fún mi." Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn, mo dúró. Wọ́n ní, "Kà á." Mo kà á.

"Màlúù méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló rà á?"

"Èmi ni, mà. Owó oṣù adájọ́ ni."

Mo rí i tí èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni o! Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín débi pé ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Màlúù méjì! Baba tó fẹ́ mi sílé, àgbò kan ló pa fún ìyá tiẹ̀." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà náà ni wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan. "Ó dáa, mo ti kú. Ọgbọ̀n ọdún lo ní ó kọjá. Kí ni mo ṣe nínú gbogbo rẹ̀ kí n tó kú?"

Mo wo ìwé. Kò sí níbẹ̀. Mo ti fún gbogbo èèyàn níṣẹ́, mo fún Bàbá, mo fún ìyá mi, mo tilẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà. Màlúù nìkan ni mo fún Ìyá Àgbà. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ máa ń ṣe ọṣẹ, mà."

"Ìyá mi ló ń ṣe ọṣẹ, ni mo bá ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi mí." Wọ́n nawọ́ sí ìsọ̀ Bàbá, níbi tí máṣíìnì ti ń dún. "Nígbà tí mo tó ọ, ìdí àwọn aránfìlà ni mo máa ń dúró sí ní Ọjà'ba, ọṣẹ á wà lórí mi, màá gbàgbé pé mò ń tajà. Mo máa ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo fẹ́ aránfìlà, ọṣẹ ni mò ń ṣe. Mo bí aránfìlà, ọṣẹ ni mò ń ṣe. Àfi bí bàbá rẹ ṣe mú ìwọ jókòó sídìí ẹ̀. Mo ní háà, obìnrin lè jókòó síbẹ̀ báyìí? Mo wá ń retí pé á wo ọ̀dọ̀ èmi náà." Wọ́n ju ìṣù ọṣẹ kan sínú ọpọ́n. "Kò wò ó."

Mo ti mọ Ìyá Àgbà láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Wọ́n ní kí n lọ mú bírò wá. Wọ́n ní kí n fa ìlà sórí ibi tí àwọn ti kú, kí n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí Ọlọ́run ló mọ ohun tó máa kọ síbẹ̀. Kí n wá kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ìyá Àgbà ń rán fìlà." Kí n má kọ "fẹ́", kí n kọ ọ́ bí Míìsì ṣe wí. Mo kọ ọ́. Ẹ má bi mí bóyá ọgbọ̀n ọdún náà pé fún wọn. Kò pé. Àárò wọn ń sọ mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn, nígbà tí mo ka ìlà tuntun náà sókè, wọ́n fún ara wọn lésì, jẹ́jẹ́: "Àmín."

Wọ́n ṣan ọwọ́ wọn, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n mú fọ́ọ̀mù mi tẹ̀ lé àwọn. Bàbá wà nídìí iṣẹ́, ìdìpọ̀ fìlà tí a kò tíì rán etí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsọ̀. "Àbẹ̀kẹ́ ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì," wọ́n ní.

Bàbá gbé ojú sókè. "Ìyá, lẹ́yìn ohun tó kọ?"

"Mo ti gbọ́ ohun tó kọ. Màlúù méjì ló pa fún mi. Ìwọ ńkọ́, mélòó lo máa pa?"

Bàbá nawọ́ sí ìdìpọ̀ fìlà. "Ó dáa, mà. Ta ló máa wá máa bá mi rán etí gbogbo èyí?"

"Èmi."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó wà lórí máṣíìnì, wọ́n já òwú, wọ́n fi ẹnu tọ́ ọ, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì fi òwú wọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ojú ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún. Máṣíìnì dákẹ́. Bàbá wo ìyá wọn títí, bí ẹni pé àlejò ló wọlé. Wọ́n wá sún ara wọn kúrò láàárín ẹní, wọ́n fi ọwọ́ gbọn eruku ibi tí mo máa ń jókòó sí, wọ́n ní, "Ẹ jókòó, Ìyá."

Ìyá Àgbà ò jókòó. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí máṣíìnì níwájú Bàbá, wọ́n sì dúró tì í, tàwọn ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, títí Bàbá fi fọwọ́ sí i.